Fóònù Kì Í Ṣe Dókítà, Ṣùgbọ́n Ó Lè Júwe Ọ̀nà Ilé Dókítà

Láti ọwọ́ Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Ẹgbẹ́

  

Ọ̀rọ̀ owó ni a sábà máa ń bá yín sọ nínú ìwé yìí: owó ìfipamọ́, owó yíyá, èlé, àti èrè tí a ń pín ní òpin ọdún. Ṣùgbọ́n lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ara ni a gbé wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi wá pé kí ló kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ àìsàn. Ìlera lọrọ̀, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá kò lè pàtẹ ọjà. Ẹni tí kò pàtẹ kò lè rí owó dá. Ẹni tí kò rí owó dá, kò pẹ́ kò jìnnà, gbèsè á dé, onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ni yóò sì bá a ru ẹrù náà.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí rèé. Láàrin ọdún méjì sẹ́yìn, àìsàn kọlu obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ wa. Inú fóònù ni àwọn méjèèjì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ lé. Ọ̀kan ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Èkejì kò tíì lè dìde fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti gbà pé kí a sọ ìtàn wọn fún yín, bí a kò bá ṣáà ti dárúkọ wọn.

Ìyá elélùbọ́

Ẹni kìíní ń ta èlùbọ́. Ní ọjọ́ kan tí ó ń wẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ba kókó kan nínú ọyàn rẹ̀ òsì. Kò dùn ún. Nítorí pé kò dùn ún, ó ní bóyá ooru ni. Kò sọ fún ọkọ, kò sọ fún ọmọ. Ta ni ì bá tiẹ̀ sọ ọ́ fún? Ìgbà kan tí ó ti lọ sí ilé ìwòsàn rí, èdè Òyìnbó ni wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀, òun náà sì ń mi orí bí ẹni tó gbọ́. Báyìí ni oṣù mẹ́rin ṣe kọjá.

Àwọn obìnrin ìlà ìsọ̀ wọn ní gúrúùpù kan lórí WhatsApp. Tìtorí iye tí wọ́n ń ta èlùbọ́ àti ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti oko ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹnìkan fi ohùn nọ́ọ̀sì kan ránṣẹ́ síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì yìí dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì fi Yorùbá tó já gaara ṣàlàyé pé kókó ọyàn tó léwu kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ó ní kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò nìkan ló lè fi ìyàtọ̀ hàn. Ìyá elélùbọ́ gbé fóònù sétí, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, òun náà fi ohùn tirẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹnìkan ládùúgbò mi ló ní kí n bá òun béèrè o..." Ẹ kò ní ṣàì mọ ẹni tí "ẹnìkan" yẹn jẹ́.

Kò tó wákàtí kan tí obìnrin kan tí kò mọ̀ rí fi pè é ní ìdákọ́ńkọ́. Ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọyàn rí. Ó sọ ilé ìwòsàn tí ó lè lọ, ó sọ yàrá tí ó máa kọ́kọ́ wọ̀, ó sọ iye tí ó yẹ kó mú dání. Ó wá ní, "Ìyá mi, mo wà láàyè, ẹ̀ ń gbọ́ ohùn mi." Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ìyá elélùbọ́ wá yá owó pàjáwìrì lọ́dọ̀ wa. Jẹjẹrẹ ni wọ́n bá, ṣùgbọ́n kò tíì tàn ká. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó gba ìtọ́jú tó kù, ó ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò bí wọ́n bá ti dá a fún un. Ó ti san owó wa tán pẹ̀lú.

Ìyá aláta

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ti ẹni kejì. Ọdún kẹfà rèé tí ó ti ń lo oògùn rẹ̀ bó ti yẹ, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó fi ohùn kan ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pe ara rẹ̀ ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò dárúkọ, kò sọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń ba kíndìnrín jẹ́, kí a dà á nù, kí a mu omi egbò kan fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, ẹ̀jẹ̀ ríru á sì wábi gbà títí láé. Nọ́ńbà tí a ó pè láti rà á wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyá aláta mú lára owó tí ó yá lọ́dọ̀ wa láti fi kún ọjà, ó fi ra ìgò mẹ́ta.

Ara rẹ̀ le koko ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ó le ní ọ̀sẹ̀ kejì. Òun náà tilẹ̀ ti ń fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ṣé ẹ rí i, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, ó ń wọn ata fún oníbàárà nígbà tí abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì kò tíì padà bọ̀ sípò di òní. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ló fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó wá ń dúró ti àtẹ.

Ẹni tó fi ohùn yẹn ránṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tá o. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni. Òun gan-an ló ṣe onígbọ̀wọ́ nígbà tí ìyá aláta yá owó. Láti ìgbà náà, òun ló ń san án díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tó fi agbára mú un. Nígbà tí a bi í léèrè ọ̀rọ̀, ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé, "Ire ni mo rò sí i." A gbà á gbọ́. Ohun tí àwa fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí fóònù kan náà fi yọ ẹnìkan nínú ewu, tó sì ti ẹlòmíràn sínú rẹ̀.

Kí ló gbé obìnrin dé ìdí fóònù?

Àwọn kan á ní ṣe ni kí obìnrin jáwọ́ nínú WhatsApp àti Facebook, kí wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn rọrùn lẹ́nu ni. Obìnrin tó ń jí lọ sọ́jà ní ìdájí, tó bá fi ọjọ́ kan tò sórí ìlà ní ilé ìwòsàn, ọjà ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn. Bó bá sì dé iwájú dókítà, ìṣẹ́jú mélòó ló ní? Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, Òyìnbó ni. Àìsàn tó jẹ mọ́ ọyàn, ilé ọmọ tàbí nǹkan oṣù, ojú ń ti ni láti là á mọ́lẹ̀ níwájú ọkùnrin tó kéré sí ọmọ ẹni.

Fóònù kì í kanra. Kì í sọ pé, "Ìyá, ẹ yára, èrò pọ̀ lẹ́yìn." Ẹni tí kò mọ̀wé kà lè gbọ́ ohùn, ó sì lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ohun tó tún ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé obìnrin lè bá ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣe rí pàdé.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kókó inú ilé ọmọ tí Òyìnbó ń pè ní fibroid. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti da ẹ̀jẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, tí wọ́n sì ń rò pé ayé ló ń ṣe wọ́n. Orí fóònù ni àwọn mìíràn ti kọ́kọ́ gbọ́ pé kókó yìí wọ́pọ̀, pé kì í ṣe jẹjẹrẹ, pé ó ń ṣe àwa obìnrin dúdú ju àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun lọ, àti pé ó sábà máa ń sunkì lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró. Wọ́n gbọ́ pẹ̀lú pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dà púpọ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ tán lára ènìyàn, nítorí náà kò yẹ kí a máa fara dà á lásán. Irú ìmọ̀ báyìí kì í ṣe ohun àbùkù.

Kì í ṣe lọ́dọ̀ wa nìkan

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lókè òkun lè rò pé níbi tí dókítà pọ̀ sí, wọn kò ní nílò irú èyí. Wọ́n nílò rẹ̀ o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí fi hàn pé obìnrin dúdú tó ń kú nítorí oyún àti ìbímọ pọ̀ ju obìnrin funfun lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ní ọdún 2019, ìyá méjì, Tinuke Awe àti Clotilde Abe, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Five X More, ìyẹn ìlọ́po márùn-ún, nítorí pé iye tí ìwádìí ìgbà náà sọ nìyẹn. Orí fóònù ni wọ́n ti kó àwọn obìnrin jọ. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n kọ sí ìjọba gba ìbuwọ́lù tó lé ní 180,000, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sì jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí ní oṣù kẹrin ọdún 2021.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún aboyún wúlò fún àwa náà níhìn-ín. Wọ́n ní kí ó la ẹnu sọ ohun tó ń ṣe é. Kí ó mú ẹni tó lè gbẹnu sọ fún un dání. Kí ó kọ ohun gbogbo tí wọ́n bá sọ fún un sílẹ̀. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó lọ bá dókítà mìíràn. Ẹ kíyè sí i: kò sí èyí tó sọ pé kí a má lọ sí ilé ìwòsàn níbẹ̀.

Serena Williams, gbajúmọ̀ nínú bọ́ọ̀lù tẹníìsì ní Amẹ́ríkà, bí ọmọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìbímọ, èémí rẹ̀ ń há. Ó ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun máa ń dì, ó sì sọ irú àyẹ̀wò tí ó fẹ́. Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rò pé oògùn ìrora ló ń dà á lórí rú. Nígbà tí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ní ọdún 2018 ó sọ ìtàn náà fún gbogbo ayé, ó sì kọ ọ̀rọ̀ lórí Facebook láti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó sọ tiwọn náà. Bí olówó àti olókìkí bá lè sọ̀rọ̀ kí wọ́n má tètè gbà á gbọ́, kí ni ká sọ nípa ẹni tó ń ta ata?

Nílé wa níhìn-ín pàápàá, ní oṣù kejìlá ọdún 2021, àwòrán kan tí ọmọ Nàìjíríà kan, Chidiebere Ibe, yà tàn káàkiri orí fóònù. Ọlẹ̀ nínú ikùn ìyá rẹ̀ ni ó yà, ìyá dúdú, ọmọ dúdú. Kí ló wá jẹ́ tuntun níbẹ̀? Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àwọn kò tíì rí irú rẹ̀ rí láyé àwọn. Ara aláwọ̀ funfun ló kún inú ìwé àwọn oníṣègùn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má bú obìnrin tó ń wá ẹni tó jọ ọ́ kiri lórí fóònù.

Irọ́ náà mọ fóònù lò

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òtítọ́ ń gbà ni irọ́ náà ń gbà. Ẹ rántí ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó ní oṣù keje. Dókítà Stella Adadevoh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹni tó gbé e wọ̀lú jáde kúrò nílé ìwòsàn. Ìyẹn ló gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ là, ṣùgbọ́n àrùn náà pa dókítà náà ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ní oṣù kẹjọ yẹn kan náà, ọ̀rọ̀ kan ń ti fóònù dé fóònù pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún, Ebola kò ní lè ràn wá. Àwọn kan ni wọ́n jí ní òru láti lọ mu ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ni omi iyọ̀ náà pa ní Nàìjíríà. Gbogbo àwọn tó fi ránṣẹ́, ire ni wọ́n rò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ní ọdún 2023. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV lọ́fẹ̀ẹ́. HPV ni kòkòrò tó ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Abẹ́rẹ́ kan péré ni. Kíá ni ọ̀rọ̀ ti ń fò lórí WhatsApp pé ó máa sọ àwọn ọmọ náà di àgàn. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá kan fi ọmọ wọn pamọ́ sílé ní ọjọ́ tí àwọn abẹ́rẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún ìyá aláta náà, orí ló dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú gan-an ni ń ba kíndìnrín jẹ́. Bí nọ́ńbà òkè bá tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90, tí a sì wọ̀n ọ́n ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tó ń rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn tó ní in láyé tí kò mọ̀ pé àwọn ní in.

Ìbéèrè márùn-ún

Kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ ìlera gbọ́ lórí fóònù, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè márùn-ún yìí.

Èkíní: Ta ló ń sọ̀rọ̀? Nọ́ọ̀sì ìyá elélùbọ́ dárúkọ ara rẹ̀ àti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ìyá aláta kò ní orúkọ. Bí ẹ bá rí ọfà méjì lókè ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti lè sọnù.

Èkejì: Ṣé ó ń ta nǹkan? Ẹni tó dẹ́rù bà ọ́ lówùúrọ̀, tó wá ta oògùn fún ọ lálẹ́, ọjà ló ń ná. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára agbo náà kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń wo àìsàn tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ ka ara páálí rẹ̀ tàbí kí ọmọ yín bá yín kà á. Lára ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ yẹn wò.

Ẹ̀kẹta: Ṣé ó ní kí n dá oògùn mi dúró? Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ pa á rẹ́. Ẹni tó kọ oògùn fún yín nìkan ló lè ní kí ẹ dá a dúró.

Ẹ̀kẹrin: Ṣé ó ń júwe ilé ìwòsàn fún mi, àbí ó ní kí n má lọ? Ọ̀rọ̀ rere máa ń parí sí ẹnu ọ̀nà àyẹ̀wò.

Ẹ̀karùn-ún: Ta ni mo lè fi hàn kí n tó fi ránṣẹ́? Ìlọ́ra díẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni. Ẹ fi han nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí yín, tàbí kẹ́míìsì tó ní ìwé ẹ̀rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àwòrán èsì àyẹ̀wò tàbí ara yín sí gúrúùpù o. Ohun tó bá ti bọ́ síbẹ̀, kò ṣeé kó padà.

Ohun tí ìgbìmọ̀ ń dá lábàá

A ó gbé àbá mẹ́ta wá sí ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, ẹ̀yin ni ẹ ó dìbò lé e. Àkọ́kọ́, kí a bẹ nọ́ọ̀sì kan kí ó máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún gbogbo wa kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa dáhùn ìbéèrè lórí gúrúùpù wa lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní Yorùbá. Èkejì, kí owó pàjáwìrì fún àyẹ̀wò máa jáde láàrin ọjọ́ méjì, láìdúró de ìpàdé. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má ṣe polówó oògùn lórí gúrúùpù ẹgbẹ́ mọ́, ìbáà jẹ́ alága.

Kí a tó kọ èyí, a lọ kí ìyá aláta nílé. Ẹni tó fi ohùn ránṣẹ́ sí i wà níbẹ̀, ó ń bá a gé ilá. A bi í bóyá ọ̀rọ̀ wà tí ó fẹ́ kí a bá òun sọ fún ẹgbẹ́. Ó rò ó díẹ̀, ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ lo oògùn wọn, kí wọ́n tó gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni."

Iṣẹ́ tó rán wa nìyẹn, a sì ti jẹ́ ẹ. Ó dọwọ́ yín o.